Etí Tó Ń Ṣọyún: Kí Ló Dé Tí A Kì Í Tètè Rí Dókítà?

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin alfa wa, ẹ wo ọmọ ilé kéwú tí wọ́n pè títí tí kò dáhùn. Wọ́n ní olóríkunkun ni, wọ́n nà án. Ìgbà tí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ni wọ́n rí i pé ọyún ló wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́. Irú ọmọ báyìí ló mú wa fẹ́ ṣàlàyé ìṣòro tó ń dojú kọ àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Nàìjíríà.

Àkọ́kọ́, wọn kò pọ̀. Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti di dókítà, yóò tún fi bí ọdún 5 tàbí 6 kọ́ iṣẹ́ yìí. Bó bá parí, owó gidi ń dúró dè é ní Ìlú Ọba tàbí Saudi. Àwọn tó kù, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn wà, bíi UCH n'Íbàdàn àti LUTH l'Ékòó. National Ear Care Centre tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, Kàdúná ló wà.

Ìkejì, irinṣẹ́ wọn wọ́n, iná ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń lò. Bí iná bá lọ, iṣẹ́ dúró.

Ìkẹta, owó. Òfin ọdún 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìwé adójútòfò ìlera, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ṣì ń fi owó ara wọn san án.

Àmọ́ èyí tó ba iṣẹ́ wọn jẹ́ jù ni pé a kì í tètè lọ. A ó kọ́kọ́ da òróró sí etí, a ó ra oògùn ní kẹ́míìsì. Àwọn mìíràn á gba abẹ́rẹ́ gentamicin láìrí dókítà, bẹ́ẹ̀ oògùn náà lè sọ ènìyàn di adití. Kí a tó dé ọsibítù, awọ inú etí ti lu, ọyún sì lè wọ egungun, kódà kó dé ọpọlọ. Ohun tí oògùn ìbá wò ti wá di iṣẹ́ abẹ.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìdá 60 nínú 100 àìgbọ́ràn àwọn ọmọdé ló ṣeé dènà. Nítorí náà, bí etí ọmọ bá ń ṣọyún, ẹ má da nǹkankan sí i, ẹ má fi ìyẹ́ tàbí owú ro ó, ẹ má jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín, ẹ sì béèrè fún ìwé tí yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà etí. Ẹ̀yin alfa, kí ẹ tó mú pàṣán, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọmọ náà ń gbọ́ràn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà.