Èèpo Ìrẹsì Nínú Ọtí Bàbà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ pọn ọtí bàbà nílé, ìbáà ṣe ní Ọ̀jọ́, ní Ìbà tàbí ní Okokomáíkò, yóò bá ìyọnu kan pàdé nídìí asẹ́. Bàbà tí a rẹ títí ó fi hù, tí a lọ̀, tí a sì pò mọ́ omi gbígbóná, a máa dì bí ẹ̀kọ. Omi dídùn rẹ̀ kì í fẹ́ ro sílẹ̀. Ìdí ni pé èèpo bàbà ti bọ́ dànù nígbà tí a pa á. Èèpo báálì kì í bọ́. Òun fúnra rẹ̀ ni asẹ́. Nítorí náà, nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ fi òfin de kíkó báálì híhù wọlé ní 1988, àwọn ilé-iṣẹ́ bíà náà ní láti wá ọ̀nà mìíràn láti sẹ́ bàbà.

Èèpo ìrẹsì ni àtúnṣe tí kò wọ́n. Kì í yọ́ nínú omi. Ó kàn ń la ọ̀nà fún un ni. Ìdajì kílò tó fún ọkà kílò 10. Kí a fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí a bọ̀ ọ́, kí a sì pò ó mọ́ ọkà kí a tó sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí a da èyí tí ó bá ti bu nù, nítorí oró èbu lè wà níbẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn sísè.