Kẹ̀kẹ́ triathlon fẹ́ wọ bàálù: àpótí wo ló yẹ kó gbé e?

Ní Kona, ní Hawaii, ibi tí wọ́n gbé ìdíje triathlon tí wọ́n ń pè ní Ironman lọ ní 1981, olùdíje á lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun fún kìlómítà 3.8, á gun kẹ̀kẹ́ fún 180, kó tó fẹsẹ̀ sá 42.2. Bàálù ni àlejò ń wọ̀ débẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá a lọ, lọ́wọ́ àwọn agbẹ́rù tí kò mọ̀ pé owó ohun tó wà nínú àpótí náà lè ra mọ́tò tòkunbọ̀.

Kábọ̀n ni wọ́n fi ń ṣe férémù ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí. Ó ń gba ìwúwo ẹni tó gùn ún àti ìgbọ̀n títì láìsí wàhálà, àmọ́ bí nǹkan bá fún un láti ẹ̀gbẹ́, tàbí tí igun irin bá gbá a, ó lè sán nínú kí ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì máa dán. Irin á wọ́, ẹ ó rí i. Kábọ̀n lè pa tirẹ̀ mọ́ra títí ẹ ó fi máa já bọ̀ láti orí òkè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yan àpótí oníke líle dípò báàgì.

Ṣùgbọ́n líle ike nìkan kọ́ là ń wò. Tí wọ́n bá to ẹrù lé e, ìdérí méjèèjì á tẹ̀ síra wọn, kẹ̀kẹ́ ló sì wà láàárín. Ẹ wá èyí tó ní ọ̀pá tó dúró láti ìdérí kan dé èkejì, kí ọ̀pá náà ru ẹrù dípò férémù. Lójú tèmi, ọ̀pá yìí ṣe pàtàkì ju kí àpótí nípọn lọ.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù ni ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ eré orí títì lásán, ẹ ó fi sípánà tú ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó so ó mọ́ férémù, ó parí. Ti triathlon ní apá méjì gbọọrọ tó yọ síwájú, tí wọ́n ń gbé ìgúnpá lé kí atẹ́gùn má baà fà wọ́n sẹ́yìn. Wáyà gíà àti rọ́bà epo búréèkì sì ń gba inú rẹ̀ wọ inú férémù. Nínú àwọn tuntun kan, ẹ kò lè yọ ọ́ láìtú rọ́bà epo náà. Ta ló fẹ́ máa wá ẹni tí yóò rọ epo búréèkì nígbà tí ìdíje ku ọ̀la? Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ wọn kẹ̀kẹ́ yín: gígùn, gíga, àti fífẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àpótí kan wà tó jẹ́ pé apá méjèèjì nìkan lẹ ó yọ, ìyókù á wà bó ṣe wà. Wọ́n tóbi o, kì í ṣe gbogbo takisí ni wọ́n ń wọ̀. Ẹni tó ń rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó kúkú háyà ọ̀kan.

Ìwọ̀n ńkọ́? Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ń gbà fún ẹrù kan. Tó bá ti ju 32 lọ, púpọ̀ nínú wọn kì í gbà á rárá. Àpótí kílò 12, kẹ̀kẹ́ kílò 9: kílò méjì péré ló kù fún bàtà, akoto àti sípánà.

Bí ẹ bá ń dì í, ẹ tú gíà ẹ̀yìn, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ so ó mọ́ inú férémù, torí irin kékeré tó gbé e dúró tètè máa ń wọ́. Wọ́n lè ní kí ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà. Ẹ tú díẹ̀, àmọ́ táyà kò ní bẹ́: afẹ́fẹ́ inú yàrá ẹrù rí bíi ti ibi tí èrò jókòó, ohun tó sì fi dín sí ti ilẹ̀ kò ju nǹkan bíi 4 psi lọ. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ TSA, àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú, lè ṣí àpótí náà lẹ́yìn yín. Ẹ lẹ fọ́tò bí ẹ ṣe tò ó mọ́ inú ìdérí.

Bó bá wá bàjẹ́, Àdéhùn Montreal ti 1999 ló ń darí ọ̀rọ̀ náà nínú ọ̀pọ̀ ìrìn àjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Láti ìparí 2024, èyí tó pọ̀ jù tí ilé iṣẹ́ bàálù máa san lórí ẹrù èrò kan ni 1,519 SDR (owó ìṣirò àjọ IMF), nǹkan bíi dọ́là 2,000, àfi tí ẹ bá ti kéde iye tó jù bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń fi ẹrù sílẹ̀, tí ẹ sì sanwó lé e bí wọ́n bá béèrè. Owó kẹ̀kẹ́ triathlon gidi máa ń ju ìyẹn lọ dáadáa. Ọjọ́ 7 péré lẹ ní láti kọ̀wé ẹ̀sùn, nítorí náà ẹ ṣí àpótí náà ní pápákọ̀ òfurufú, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó pe takisí.