Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí Aláàrùn Jẹjẹrẹ Parí Ìtọ́jú Onítànṣán

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìjọ ló mọ ẹnì kan tí àrùn jẹjẹrẹ ń bá jà, tí àwọn dókítà sì ní kí ó gba ìtọ́jú onítànṣán. Ìtọ́jú yìí kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ni aláìsàn yóò máa lọ sábẹ́ ẹ̀rọ, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ 5 sí 7. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ti ojoojúmọ́, kì í sì í dun ni lábẹ́ ẹ̀rọ. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́.

Bí ìtànṣán ti ń pa àrùn náà díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni èyí tí ó ṣẹ́kù ń wá àyè láti tún gbilẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń fẹ́ kí gbogbo ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ parí láàárín ọ̀sẹ̀ 8.

Owó ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Láti inú àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà ti ń sanwó, ilé-ìwòsàn tí ó ní ẹ̀rọ yìí kò sì pọ̀. Ẹni tí ó ti Ìsẹ́yìn wá sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ní ọdún 2019, kò lè máa lọ kí ó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Yóò wá ibi tí yóò sùn, yóò jẹun, ẹni tí ó sì ń tọ́jú rẹ̀ yóò ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Owó ibùsùn nìkan tó láti lé ènìyàn padà sílé.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, aláìsàn kọ́ ló jáwọ́. Ẹ̀rọ bàjẹ́, iná lọ, tàbí àwọn òṣìṣẹ́ yan iṣẹ́ lódì. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó lọ sílé di ìgbà tí a ó pè é lè má padà mọ́.

Ara pẹ̀lú a máa dẹ́rù bà wọ́n: awọ a máa dúdú, a máa bó, oúnjẹ a sì máa ṣòro gbé mì fún ẹni tí a ń tọ́jú ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtura pàápàá a máa tan ni jẹ. Ẹ̀jẹ̀ dá, ìrora lọ, aláìsàn ní ara òun ti yá; bẹ́ẹ̀ àrùn kò tíì tán.

Ẹ̀yin ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí àwẹ̀ ọlọ́jọ́ 7. Oúnjẹ ni ara rẹ̀ ń fẹ́ lákòókò yìí, a sì lè gbàdúrà fún un láì pa ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀ jẹ. Ìjọ tí ó bá ní yàrá àlejò nítòsí ilé-ìwòsàn ní ohun tí ó ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ láti fi fún un.

Bí ọjọ́ kan bá fò ó, kí ó tètè sọ fún àwọn dókítà. Wọ́n lè fi ọjọ́ Àbámẹ́ta dí i, tàbí kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kí wákàtí 6 ó kéré tán wà láàárín méjèèjì.