Ẹ̀rín Di Ìpakúpa: Wàhálà Tí Lẹ́tà G Àti H Ń Dá Sílẹ̀ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ń jẹ́ laughter. Ẹ̀rín ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí a bá sì ń pè é, lẹ́tà g àti h tí ó wà láàrin rẹ̀ a máa dún bí f. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fi s ẹyọ kan ṣoṣo síwájú rẹ̀, ó di slaughter, tí í ṣe ìpakúpa. Ẹ̀rín di ẹkún nìyẹn, ohùn f náà sì pòórá. Bí ó bá tún yọ s àti l kúrò, tí ó fi d rọ́pò wọn, daughter ni yóò kù, ìyẹn ọmọbìnrin. A kò ní gbọ́ g níbẹ̀, a kò ní gbọ́ h, a kò sì ní gbọ́ f.

Irú èyí ni ó ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí ìyọnu nígbà àpèkọ. Olùkọ́ pe night, tí í ṣe òru. Ọmọ kọ n, i, t. Olùkọ́ pe cough, tí í ṣe ikọ́. Ọmọ kọ k, o, f. Òdo ni yóò gbà fún méjèèjì, bóyá pẹ̀lú ẹgba, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa pè é ní olódo. Bẹ́ẹ̀ etí ọmọ náà kò di. Ohun tí ó gbọ́ gan-an ni ó kọ, nítorí ohun tí èdè abínibí rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn. Nínú èdè Yorùbá, bí g àti b bá ti pàdé, ohùn kan náà ni wọ́n ń fún wa, ìbáà ṣe nínú gbèsè, ìbáà ṣe nínú àgbàdo, ìbáà ṣe nínú ìgbàgbọ́. Ohùn náà kì í yí padà.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ní ìgbà láéláé, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí gh dúró fún. Ohùn kan ni tí ń ti ọ̀nà ọ̀fun jáde, bí ẹni tí egungun ẹja há mọ́ lọ́fun, tí ó ń fi èémí tì í síta. Àwọn tí ó kéwú mọ irú rẹ̀ nínú lẹ́tà Lárúbáwá tí à ń pè ní kha. Àwọn ará Jámánì kò jẹ́ kí tiwọn parẹ́: Nacht ni wọ́n ń pe òru, Tochter ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin, ohùn ọ̀fun náà sì wà lẹ́nu wọn títí di òní.

Niht ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń kọ fún òru. Lẹ́yìn tí àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé ṣẹ́gun wọn ní ọdún 1066, ọwọ́ àwọn akọ̀wé tí ó kọ́ ìkọ̀wé ní ọ̀nà ti Faransé ni ìwé bọ́ sí. Díẹ̀díẹ̀ ni h di gh. Ní ọdún 1476, William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ sí Westminster, ìwé títẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n ti ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu kò dúró de ìwé. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1700, ohùn náà ti kú lẹ́nu ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà rẹ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù, bí orórì tí a mọ sórí òkú.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dájú, kí ó pín wọn sí agbo-ilé mẹ́ta. Agbo-ilé kìíní, tí ó pọ̀ jù, ni àwọn tí gh ti kú pátápátá nínú wọn: light, ìmọ́lẹ̀; fight, ìjà; right, ọ̀tún tàbí ẹ̀tọ́; thigh, itan; eight, ẹẹ́jọ; weight, ìwọ̀n; neighbour, aládùúgbò; bough, ẹ̀ka igi; dough, ìyẹ̀fun tí a pò fún búrẹ́dì.

Agbo-ilé kejì ni àwọn tí ohùn ọ̀fun náà ti sá lọ sí ètè, tí ó di f: rough, ohun tí ara rẹ̀ kò dán, tough, ohun tí ó yi, enough, ohun tí ó tó, trough, ọpọ́n tí ẹran ọ̀sìn fi ń jẹun.

Agbo-ilé kẹta ni àwọn tí gh ṣíwájú nínú wọn, g ni tiwọn sì máa ń dún: ghost, òkú tí ó fara han alààyè, ghastly, ohun tí ń dẹ́rù bani, ghoul, àǹjọ̀nnú tí ń jẹ òkú, láti inú èdè Lárúbáwá, ghetto, àdúgbò tí a há àwọn ènìyàn kan mọ́, láti ìlú Venice ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti há àwọn Júù mọ́ ní ọdún 1516. Orúkọ Ghana, tí Gold Coast gbà ní ọdún 1957 ní ìrántí ìjọba àtijọ́ kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà ní agbo-ilé yìí pẹ̀lú.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí gh wọn kì í ṣe ti ìran wọn. Delight, tí í ṣe ìdùnnú, kò ní gh rárá nígbà tí ó ti èdè Faransé wọlé. Nítorí pé ó jọ light létí ni wọ́n ṣe fi kún un. Ghost pàápàá kò ní h tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè gbà pé ilẹ̀ Flanders, níbi tí Caxton ti gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni h náà ti bá iṣẹ́ ìtẹ̀wé wá.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gé díẹ̀ dànù nínú ẹrù yìí: plough, ohun-èlò tí a fi ń túlẹ̀, di plow lọ́dọ̀ wọn. Yorùbá náà tún tirẹ̀ ṣe ní ọdún 1974, nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun: aiye di ayé, enia di ènìyàn, okonrin di ọkùnrin. Síbẹ̀, f méjì ṣì wà nínú Offa, t méjì ṣì wà nínú Ebute Metta, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ẹnu ń pè. Òkú lẹ́tà wà nílé tiwa náà.

Olùkọ́ tí ó bá tún pe night, tí ọmọ sì kọ n, i, t, kò lè ṣàì fi gègé pupa tún un ṣe, nítorí gh ni ìdánwò yóò bèèrè. Ṣùgbọ́n kí ó sọ fún ọmọ náà pé etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa, pé ohùn kan ti wà níbẹ̀ rí tí ó ti kú, kí ó sì kọ́ ọ ní agbo-ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ tí ó bá mọ ìdí tí lẹ́tà fi wà níbi tí ó wà kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn nà, ẹgba nìkan ni yóò máa rántí.