Ẹ Má Kó Wáyà Dànù Nítorí Wi-Fi

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni. Ó kan baálé ilé tí ó ń san owó íńtánẹ́ẹ̀tì lóṣooṣù, tí ó sì jẹ́ pé inú pálọ̀ nìkan ni ó ti ń rí i lò. Ó kan ọmọ tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kẹ́kọ̀ọ́ nínú yàrá òkè, tí ohùn olùkọ́ rẹ̀ ń já lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó sì kan ìyá àgbà tí ó jókòó ti fóònù láti rí ojú ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwòrán náà dúró gbagidi bí ère.

Oògùn tí àwọn oníṣòwò ń júwe fún àìsàn yìí ni èyí tí wọ́n ń pè ní mesh. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ju àwọ̀n lọ. Dípò àpótí Wi-Fi kan ṣoṣo tí yóò máa dá ṣiṣẹ́ fún gbogbo ilé, a ó gbé méjì tàbí mẹ́ta kalẹ̀ ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gbogbo wọn yóò máa jẹ́ orúkọ kan náà, fóònù yóò sì máa bọ́ láti ọwọ́ ọ̀kan sí ọwọ́ òmíràn bí a ti ń rìn káàkiri. Láti 2016, nígbà tí eero àti Google gbé irú rẹ̀ wá sí ọjà fún ìlò inú ilé, ni okìkí rẹ̀ ti kàn. Ohun tí ó dára ni, a kò bá a jà. Èrò tí a ń bá jà ni pé ẹni tí ó bá ti rà á kò nílò wáyà mọ́ láé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Àpótí kìíní ni a so mọ́ ẹnu ọ̀nà íńtánẹ́ẹ̀tì. Àpótí kejì tí ó wà lókè kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀. Ohun tí ó bá gbọ́ láti ìsàlẹ̀ ni yóò tún sọ fún fóònù yín. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ni ọ̀nà tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí ó sì jẹ́ pé orí ìkànnì kan náà ni ó ti ń gbọ́ tí ó sì ti ń sọ, kò lè ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò gbọ́ díẹ̀, yóò dúró, yóò sọ díẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ìdajì eré rẹ̀ ni yóò sọnù sójú ọ̀nà. Bí ẹ bá sì tún gbé àpótí kẹta sẹ́yìn ìkejì, ìdajì tí ó kù náà yóò tún dín. Àwọn àpótí olówó ńlá ní ìkànnì kan tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àárín ara wọn, èyí sì ń ṣe ìrànlọ́wọ́ gidigidi. Ṣùgbọ́n ògiri kò mọ olówó.

Ògiri gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti kọ́kọ́ jáde, pákó àti pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń dá yàrá sí. Ilé tiwa, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ni. Dẹ́kìnnì rẹ̀ sì jẹ́ kọnkéré tí irin kún inú rẹ̀. Ìgbì 2.4 GHz a máa gba inú rẹ̀ kọjá díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yára. Ìgbì 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri tètè ń pa á. Ẹni tí ó bá wá lọ gbé àpótí kejì sínú yàrá tí Wi-Fi kò dé rárá, ó gbé adití síbẹ̀ ni. Bí kò bá sí wáyà, agbedeméjì ni kí ó gbé e sí, níbi tí ó ti ń gbọ́ ti ìsàlẹ̀ dáadáa.

Wáyà kan ṣoṣo láti ìsàlẹ̀ dé òkè ni ó ń tú ìdí yìí. Wáyà Ethernet ni a ń wí, èyí tí Robert Metcalfe kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀ ní 1973 ní ilé iṣẹ́ Xerox ní Kalifọ́níà, ọdún mẹ́rìnlélógún kí ìlànà Wi-Fi àkọ́kọ́ tó jáde ní 1997. Arúgbó ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tíì tán. Èyí tí wọ́n ń pè ní Cat 5e ń gbé gígábíìtì 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, títí dé mítà 100, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ti fi í so àpótí òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ mesh yóò mọ̀ fúnra wọn, wọn yóò sì yí sọ́nà wáyà. Afẹ́fẹ́ yóò wá ṣẹ́kù fún àwọn fóònù. Tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú, àti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, kí ni wọ́n ń wá lórí afẹ́fẹ́? Wọn kì í rìn.

Àwọn àgbà kò ní ṣàì rántí pé wáyà ni ó kọ́kọ́ mú rédíò wọ ilé wa. Ní 1935 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi wáyà pín in kiri ilé ní Èkó, àwọn ènìyàn sì sọ àpótí náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀rọ tòní ń sọ, ó sì ń gbèsì. Ìdí nìyí tí ọ̀nà tóóró fi ń ni ín lára.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí róútà ilé iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì bá ń pín àdírẹ́sì, tí àpótí mesh náà sì ń pín tirẹ̀, àgbò méjì ń mumi nínú koto kan. Kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ṣe pa ìpín ọ̀kan. Ẹ má so àpótí méjì pọ̀ pẹ̀lú wáyà méjì, nítorí nínú ẹ̀rọ tí kò ní ìdènà fún un, ọ̀rọ̀ lè máa yí po láìdúró títí gbogbo ilé yóò fi dí pa. Wáyà ayédèrú pọ̀ lọ́jà, alumíníọ̀mù tí a fi bàbà bò: ẹ fi ọ̀bẹ ha á, bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Bí ó bá sì jẹ́ ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ fẹ́ so pọ̀ nínú ọgbà kan, okùn fáíbà ni ó yẹ, nítorí àrá máa ń bá wáyà bàbà wọlé.

Kí ẹni tí ó ń kọ́lé lọ́wọ́ pe oníṣẹ́ iná rẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Kí ó ri páìpù láti ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò ti wọlé dé òkè, kí ó fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ tí a ó fi fa wáyà nígbàkigbà, kí ó má sì jẹ́ kí wáyà iná bá a gba inú páìpù kan náà.