Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Ihò Gọ́ọ̀fù Tí Ó Ní Green Méjì ní Ilẹ̀ Japan

Àgbẹ̀ tí ó ń dáko ní agbègbè Kétu mọ̀ pé òjò méjì ni ó wà nínú ọdún kan. Òjò ńlá ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Bí ó bá dáwọ́ dúró díẹ̀, òjò kékeré a tún dé ní oṣù kẹsàn-án. Ohun tí a gbìn sí òjò àkọ́kọ́ kì í fi gbogbo ìgbà yẹ òjò kejì. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í bá ọdún jà. Bí àkókò bá ti wá ni ó ń bá a lò. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní oníyèméjì nítorí pé ó ní irúgbìn méjì nínú àká.

Ní ilẹ̀ Japan, tí ó jìnnà réré sí wa, àwọn olùtọ́jú pápá gọ́ọ̀fù gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé koríko kan ṣoṣo kò lè la ooru àti òtútù ilẹ̀ wọn já, wọ́n pín òpin ihò kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì gbin koríko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, báyìí ni wọ́n ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń pa ọ̀kan run láti fi ọ̀kan sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bi ara wọn bóyá ohun tí ó tọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ju ti eré lásán lọ. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń gba ohun àjèjì, tí ó sì ń mú un bá ilẹ̀ tirẹ̀ mu.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé wa tí kò tíì dé pápá gọ́ọ̀fù rí, ẹ jẹ́ kí á ṣàlàyé díẹ̀. Pápá kíkún ní ihò 18. Ní ihò kọ̀ọ̀kan, agbábọ́ọ̀lù yóò fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa gbá a lọ títí yóò fi bọ́ sínú ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 108 mílímítà. Ẹni tí ó bá fi iye ìgbá tí ó kéré jù parí ni ó borí. Ibi tí ihò náà wà ni a ń pè ní green, ní èdè Faransé àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì bákan náà. Koríko ibẹ̀ ni a gé kúrú jù ní gbogbo pápá, nígbà mìíràn dé nǹkan bí mílímítà mẹ́ta péré, kí bọ́ọ̀lù lè yí geere lórí rẹ̀ bí ẹni pé orí ẹní ni. Iye ìgbá tí ó pọ̀ gan-an ni a ń lò lórí green. Bí koríko rẹ̀ bá bàjẹ́, pápá náà ti bàjẹ́, bí ó ti wù kí ìyókù rẹ̀ lẹ́wà tó.

Arthur Groom, oníṣòwò ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, ni ó la pápá gọ́ọ̀fù àkọ́kọ́ ní Japan, lórí òkè Rokko lẹ́bàá ìlú Kobe. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà pẹ̀lú ihò mẹ́rin ní 1901, a sì dá ẹgbẹ́ Kobe Golf Club sílẹ̀ ní 1903. Ní ìbẹ̀rẹ̀, yanrìn ni wọ́n fi ṣe ojú ihò níbẹ̀, kì í ṣe koríko. Èyí kò ṣàjèjì sí wa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti fi epo po yanrìn ṣe ojú ihò ní ọ̀pọ̀ pápá, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà sì ń pè é ní brown, nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò gba ohun kan a máa wá òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n koríko ni àwọn ará Japan fẹ́, koríko náà sì ni ó dá ìyọnu sílẹ̀. Ojú ọjọ́ Tokyo kò jọ ti Scotland, níbi tí eré náà ti gbilẹ̀. Ní oṣù kìíní, ìwọ̀n ooru ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 5°C lọ. Ní oṣù kẹjọ, a gòkè dé nǹkan bí 27°C, kì í sì í ṣe ooru gbígbẹ bí ti ọyẹ́ wa. Ooru tí ó kún fún ọ̀rinrin ni, tí ó tẹ̀ lé òjò oṣù kẹfà àti oṣù keje. Nítorí náà, koríko tí yóò dúró níbẹ̀ ní láti fara da ìrì dídì àti ooru tí ń mú ènìyàn làágùn lóru.

Koríko méjì ni ó wà níwájú wọn. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń pè ní korai, ọ̀kan nínú àwọn koríko ìdílé Zoysia tí ilẹ̀ gbígbóná ní Éṣíà bí. Korai fẹ́ràn ooru, ó lágbára, àrùn kì í tètè mú un. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá dé, a sùn, àwọ̀ rẹ̀ a sì di ràkọ̀ràkọ̀ bí koríko ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ewé rẹ̀ le, ó sì máa ń dùbúlẹ̀ sí apá kan, tí ó fi ń fa bọ́ọ̀lù lọ sí ibi tí agbábọ́ọ̀lù kò fẹ́. Èkejì ni bentgrass, koríko ilẹ̀ tútù. Ewé rẹ̀ rọ̀, ó tẹ́jú, bọ́ọ̀lù sì ń yí lórí rẹ̀ dáadáa. Ìwọ̀n 15°C sí 24°C ni ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ooru bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí òru pàápàá kò sì tutù, koríko náà a máa jẹ oúnjẹ tí ó ti fi pamọ́ ju èyí tí ó lè rí ṣe ní ọ̀sán lọ. Gbòǹgbò rẹ̀ a rẹ̀, àrùn a wọlé, ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀ green tí ó tutù yọ̀yọ̀ a di ilẹ̀ pípá.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò yàn ọ̀kan, wọn kò sì kọ ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ pápá tí wọ́n là, pàápàá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ṣe green méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní òpin ihò kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tí ó ní korai fún ìgbà ooru, èkejì tí ó ní bentgrass fún àwọn oṣù tí ó kù. Bí ooru bá ti ń mú, olùtọ́jú pápá a gbé àsíá láti orí bentgrass lọ sí orí korai, a sì jẹ́ kí èyí tí ó rẹ̀ sinmi. Bí òtútù bá ń bọ̀, a gbé e padà. A lè pè wọ́n ní ìbejì, ṣùgbọ́n ìbejì tí kì í jọ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ kan náà. Ní Kòríà Gúúsù, ọ̀pọ̀ pápá gba irú ètò yìí. Nígbà tí ó yá, àwọn ẹgbẹ́ kan tilẹ̀ gbin bentgrass sí méjèèjì, wọ́n pe ọ̀kan ní A, wọ́n pe èkejì ní B, wọ́n sì ń lò wọ́n ní àlòpadà kí ẹsẹ̀ ènìyàn má baà tẹ ọ̀kan pa.

Ètò yìí ní àwọn òfin tirẹ̀. Káàdì tí agbábọ́ọ̀lù ń gbà ní láti sọ jíjìn ihò sí green méjèèjì, nítorí wọn kì í dọ́gba. Bí bọ́ọ̀lù bá sì já sí orí green tí wọn kò lò lọ́jọ́ náà, agbábọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ gbá a níbẹ̀. Òfin gọ́ọ̀fù ka irú green bẹ́ẹ̀ sí green tí kì í ṣe ti ihò tí ó ń gbá, ó sì pàṣẹ pé kí ó gbé bọ́ọ̀lù kúrò, kí ó sì jù ú sílẹ̀ sí ìta rẹ̀, láìsí ìyà. Ìdí rẹ̀ yéni: ẹni tí ó fi ọ̀pá irin ha koríko tí ń sinmi ti ba ìsinmi rẹ̀ jẹ́.

Kì í ṣe Japan nìkan ni ó mọ green méjì. Ní pápá Pine Valley ní ìpínlẹ̀ New Jersey, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà mọ́ àwọn tí ó dára jù lọ ní Amẹ́ríkà, ihò kẹjọ àti ihò kẹsàn-án ní green méjì méjì. Pápá àtijọ́ ìlú St Andrews ní Scotland, ẹ̀wẹ̀, yí ọ̀rọ̀ náà padà. Níbẹ̀, ihò méjì ni ó ń pín green kan. Ihò 14 ń lo green ńlá méje, bẹ́ẹ̀ ni bí a bá ro nọ́ńbà ihò méjì tí ó jọ ń lo ọ̀kan pọ̀, 18 ni yóò jẹ́: ìkejì pẹ̀lú ìkẹrìndínlógún, ìkẹta pẹ̀lú ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ihò méjì ń gbé inú ilé kan; ní Japan, ihò kan ní ilé méjì.

Pápá tí ó fi àyípadà ètò yìí hàn jù ni ti Kasumigaseki, ní ìlú Kawagoe lẹ́bàá Tokyo. Kinya Fujita ni ó ya àwòrán pápá ìlà-oòrùn rẹ̀, tí a ṣí ní 1929. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, Charles Alison, ayàwòrán pápá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún un ṣe. Iṣẹ́ tí Alison ṣe ní Japan mú orúkọ rẹ̀ wọ èdè wọn: títí di òní, àwọn agbábọ́ọ̀lù ibẹ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ pe kòtò yanrìn jíjìn. Ní 1957, ìdíje Canada Cup wáyé ní Kasumigaseki. Torakichi Nakamura àti Koichi Ono fi ìgbá mẹ́sàn-án borí àwọn ará Amẹ́ríkà, Sam Snead àti Jimmy Demaret. Ìṣẹ́gun yẹn mú kí gọ́ọ̀fù tàn kálẹ̀ ní Japan. Lónìí, pápá tí ó wà níbẹ̀ lé ní 2000.

Nígbà tí a yan Kasumigaseki fún ìdíje Òlíńpíìkì, wọ́n pe Tom Fazio àti ọmọ rẹ̀, Logan Fazio, láti Amẹ́ríkà. Nínú àtúnṣe tí wọ́n parí ní 2016, wọ́n mú green méjì kúrò ní ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣe ẹyọ kan ńlá dípò wọn. Orí irú green bẹ́ẹ̀ ni Xander Schauffele àti Nelly Korda ti gba wúrà ní 2021, tí Mone Inami, ọmọ Japan, sì gba fàdákà.

Àwọn tí ó fara mọ́ green kan ní ìdí tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èkíní ni ti ẹwà àti ọgbọ́n eré. Ayàwòrán tí ó ní òpin méjì láti dáàbò bo kì í lè dáàbò bo ọ̀kankan dáadáa. Bí ó bá gbẹ́ kòtò yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ ti òsì, kòtò náà kò ní dí ẹni tí ń lọ sí ti ọ̀tún lọ́wọ́. Green méjèèjì sì ní láti kéré, nítorí ilẹ̀ kò pọ̀. Èkejì ni ti owó. Green méjì jẹ́ gígé ní ìlọ́po méjì, omi ní ìlọ́po méjì, òógùn ní ìlọ́po méjì. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Japan sì fì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹrù yìí wúwo fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé ìmọ̀ ti gòkè. Àwọn onímọ̀ ti mú irú bentgrass tuntun jáde tí ó ń fara da ooru ju ti àtijọ́ lọ, a sì ti mọ bí a ṣe ń fi yanrìn ṣe ìsàlẹ̀ green kí omi má baà dúró sí gbòǹgbò.

Ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Síbẹ̀, ojú ọjọ́ kò tíì dákẹ́. Ìgbà ooru ọdún 2023 gbóná ju gbogbo èyí tí Japan ti kọ sílẹ̀ láti 1898 lọ. Ti 2024 bá a dọ́gba, ti 2025 sì tún kọjá wọn. Koríko tí a bí fún ilẹ̀ tútù ni ó ń kojú èyí, kò sì ní èkejì tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá rẹ̀. Olùtọ́jú tí ó ní green méjì lè gbé àsíá kúrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí eré sì máa lọ. Ẹni tí ó ní ẹyọ kan ní láti gbà á là níbi tí ó wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe tiwa láti dájọ́ fún àwọn ará Kasumigaseki. Wọ́n mọ ilẹ̀ wọn ju wa lọ, green tuntun wọn sì dára. Ohun tí ó yẹ kí á fi ọkàn sí ni pé ohun tí àwọn kan ń pè ní àṣà àtijọ́ tí kò wúlò mọ́ ni àwọn baba wọn dá sílẹ̀ nítorí ohun tí ojú wọn rí. Kò sí ẹni tí ó gbé ètò náà wá fún wọn láti òkèèrè. Wọ́n gba eré lọ́wọ́ àlejò, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn ni wọ́n bi léèrè bí a ó ṣe máa gbá a. Ẹni tí ó bá fẹ́ mú irú àṣà bẹ́ẹ̀ kúrò ní láti kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ó sì mọ ẹni tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn àgbà wa sọ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọn kò sọ pé kí á máa rin ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí á má ṣe jẹ́ kí igbó bo ọ̀nà kejì, nítorí ọjọ́ tí odò bá kún.