Ilé Bàbá-Ńlá Kì í Ṣe Ilé Ooru

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ ọ̀wọ́n, bí ọkọ bá mú ni wọ ilé ìdílé tí bàbá-ńlá rẹ̀ kọ́, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ni lọ́kàn ni pé ilé náà ti gbó, pé ó móoru, àti pé ó yẹ kí wọ́n wó o, kí wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní Ẹgbẹ́dá, ìlú Àwórì tí ìgboro Èkó ti gbòòrò dé bá. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá sí i, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni ó sọ ọ́ di ilé ooru?

Àwọn tí ó kọ́ ọ kò ní iná mànàmáná, síbẹ̀ wọ́n ń sùn. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn kì í tètè gba ooru oòrùn. Fèrèsé kọjú sí fèrèsé, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé, kí ó sì gba èkejì jáde. Àjà kò jẹ́ kí ooru òrùlé sọ̀ kalẹ̀ lé ẹni tí ó sùn lórí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ń ṣíji bo ara ògiri.

Àwa ni a ba ètò náà jẹ́. A fi páànù rọ́pò koríko, a yọ àjà, a dí fèrèsé kan nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, a gé igi ojúde, a sì fi símẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀. Símẹ́ǹtì kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin inú amọ̀ ráyè jáde. Bí ó bá pẹ́, ògiri á máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀, á sì lanu.

Ìyà rẹ̀ kò kéré. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí ń jẹ owó ọbẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tí ó wà ní Band A fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 lórí yúnìítì kan.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ ṣí fèrèsé tí a dí, kí ẹ sì ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i. Kí káfíńtà dá àjà padà, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé kí ooru lè jáde. Ẹ kun páànù ní ọ̀dà funfun, nítorí funfun a máa dá oòrùn padà. Amọ̀ ni kí ẹ fi tún ògiri amọ̀ ṣe. Ẹ lo gílóòbù LED. Bí agbára bá ká sólà, ẹ̀yìn òrùlé ni kí a gbé e sí, kí ojú ilé má baà yí padà. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ikán kò tíì jẹ igi òrùlé. Ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láéláé, nítorí èéfín rẹ̀ a máa pa ọmọ lójú oorun.

Ohun tí a bá wó kò ṣeé pè padà. Ilójò Bar, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855 nítòsí Ojúde Tinúbú, di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Síbẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Èbúté Mẹ́ta, ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún Jaekel House, ilé rélùwéè ọdún 1898, ṣe ní ọdún 2010, ó sì di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí.

Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í dédé dá àbá lórí ilé ẹbí. Ẹ fi ọgbọ́n bá ọkọ yín sọ ọ́ nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, kí òun gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ àti olórí ẹbí. Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara fèrèsé kan ṣoṣo. Bí ọmọ bá sùn di òwúrọ̀ láìlàágùn, àwọn àgbà fúnra wọn ni yóò béèrè èkejì.